Ilé-Ẹ̀kọ́ Tí A Jókòó Sí Yìí
(Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ kan sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó)

 

Kí a tó dé orí ọ̀rọ̀ owó oṣù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo bẹ́ǹṣì tí a jókòó lé. Ti ọmọdé ni. Orúnkún wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n wa. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, àwọn ọmọ wa ló ni ín.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 1954, àwọn ọmọ tó wà níléèwé ní gbogbo agbègbè náà kò pé 460,000. Ní 1955, wọ́n ti lé ní 800,000. Bàbá mi, ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà náà, wà lára wọn. Inú iyàrá yìí ló ti kọ́ A, B, D.

Ọ̀gbẹ́ni Stephen Awókòyà, mínísítà tó gbé ètò náà kalẹ̀, ará Awà ni, ìtòsí wa níhìn-ín. Òun náà ni ọ̀gá àkọ́kọ́ ní Molusi Kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí ìlú wa dá sílẹ̀ ní 1949. Táí Ṣólàárín gba ipò náà ní 1952, kó tó lọ dá Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956. Ìlú tí ń tọ́jú iléèwé ni ìlú yìí.

Bí ilẹ̀ bá ṣú, ilé yìí a di iléèwé àwọn àgbà. Ìwé mẹ́fà ni mo kà mọ. Kíláàsì alẹ́ níbí ló kọ́ mi láti ka ìwé àdéhùn iṣẹ́, ni mo fi mọ̀ pé wọ́n ti ń yọ owó ófátáìmù mi. Lọ́jọ́ ìdìbò, ibí la ti ń dìbò. Lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, ibí ni àwọn ìyá ń gbé ọmọ wá. Sátidé jẹ́ tiwa.

Wàyí o, àwọn kan ní kí á sọ iyàrá mẹ́ta tó kọjú sí títì di ṣọ́ọ̀bù, kí owó ilé máa tún òrùlé ṣe. Lóòótọ́, òrùlé ń jò. Ṣùgbọ́n gbogbo iṣẹ́ tí ilé yìí ti ń ṣe, kò sí èyí tó gba ìjókòó ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a bá parí, a ó dìde, ọmọ a sì padà síbẹ̀. Oníṣọ́ọ̀bù kò ní dìde.

Àwa náà jẹ̀bi o. Ní ìpàdé tó kọjá, bẹ́ǹṣì méjì la dá, a sì bá tiwa lọ. Ẹnu wa kò lè tólẹ̀ bí ọwọ́ wa kò bá mọ́.

Àbá mi nìyí. Ní Sátidé tó ń bọ̀, kí àwọn ará ibi ìlagi mú pákó wá. Kí àwọn awakọ̀ bá wa gbé páànù láti Ìjẹ̀bú-Òde láìgbowó. Kí owó ẹgbẹ́ ra páànù àti ìṣó. Lẹ́yìn náà, kí ẹni mẹ́ta lọ bá ìgbìmọ̀ iléèwé sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́tù.

Àwọn àgbà ní, ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹni tó bá fara mọ́ àbá yìí, kó nawọ́.