Ilé-Iṣẹ́ àti Ẹnu Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ òwò ni mo mú wá lónìí. Mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò bí ó ṣe yẹ kí ilé-iṣẹ́ máa bá àwọn oníbàárà rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Gbogbo wa ni a mọ ìpolówó. Ẹlẹ́kọ a máa polówó ẹ̀kọ rẹ̀, ẹlẹ́ja a máa polówó ẹja rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò bá wọn wí, nítorí pé ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí oníbàárà bá ti dúró, tí ó ń fọwọ́ kan ọjà wò, tí ó sì bèèrè pé, “Ìyá, ṣé kì í ṣe ti àná nìyí?”, ìpolówó ti parí nìyẹn. Ìdáhùn tí ìyá náà bá fún un ni yóò sọ bóyá oníbàárà yóò padà wá lọ́la tàbí kò ní í padà wá mọ́.

Ilé-iṣẹ́ ńlá kò lè jókòó sí ìsọ̀ kí ó máa dá oníbàárà kọ̀ọ̀kan lóhùn. Ìwé ni ó fi ń sọ̀rọ̀: ìwé pélébé inú páálí ọjà, ìwé ìròyìn tí òun fúnra rẹ̀ ń tẹ̀, lẹ́tà tí ó fi ń fèsì, àti ọ̀rọ̀ tí ó ń kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ayé òde òní. Ìwé wọ̀nyí ni ẹnu rẹ̀. Báwo ni ó ṣe yẹ kí ó lo ẹnu náà?

Èkíní, kí ó sọ ohun tí yóò ṣe ẹni tí ń kà á ní àǹfààní. Ní ọdún 1895, ilé-iṣẹ́ John Deere, tí ń ṣe ohun èlò oko ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ìròyìn kan fún àwọn àgbẹ̀. The Furrow ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ó kún inú rẹ̀, ó sì ń jáde títí di òní. Ní ọdún 1900, ní ilẹ̀ Faransé, André àti Édouard Michelin, ọmọ ìyá méjì tí ń ṣe táyà, tẹ ìwé atọ́nà fún àwọn awakọ̀. Nígbà náà, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ó wà ní gbogbo ilẹ̀ Faransé kò tó 3,000; síbẹ̀, ìwé 35,000 ni wọ́n tẹ̀, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń fún àwọn ènìyàn. Bí a ṣe ń pààrọ̀ táyà, ibi tí a ti lè rí epo rà, ibi tí àlejò lè sùn, gbogbo rẹ̀ ni ó wà níbẹ̀. Ẹ wo ọgbọ́n inú rẹ̀: bí ènìyàn bá mọ̀nà, yóò rìnrìn-àjò, bí ó bá ń rìnrìn-àjò, táyà rẹ̀ yóò gbó, bí táyà bá gbó, yóò ra òmíràn. Àǹfààní oníbàárà ni wọ́n kọ́kọ́ wá, tiwọn sì tẹ̀ lé e.

Èkejì, kí ó sọ̀rọ̀ ní èdè tí ó yé ènìyàn. Ní ọdún 1859, ní Abẹ́òkúta, òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan, Henry Townsend, tẹ ìwé ìròyìn jáde fún àwọn Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Òyìnbó ni, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni èdè rẹ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá ni ó kọ́kọ́ fi tẹ̀ ẹ́, nítorí pé àwọn ará ìlú ni ó fẹ́ kí ó kà á. Bí ilé-iṣẹ́ bá ń kó ọ̀rọ̀ ńláńlá jọ kí á lè mọ̀ pé ó kàwé, ara rẹ̀ ni ó ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹta, kí ó sọ òtítọ́, pàápàá nígbà tí òtítọ́ bá korò. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ra sítóòfù oníkẹrosíìnì kan. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ìdí rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Mo kọ̀wé sí àwọn tí ó ṣe é, mo sọ fún wọn pé àwọn ọmọ kéékèèké wà nínú ilé mi, àti pé ti aládùúgbò mi náà ń jò. Lẹ́yìn oṣù kan, èsì dé. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n ní ilé-iṣẹ́ àwọn kò lẹ́gbẹ́, wọ́n sì fi ìwé aláwòrán mèremère kan kún un, tí ń ròyìn sítóòfù tuntun tí wọ́n fẹ́ mú jáde. Wọn kò sọ gbólóhùn kan nípa jíjò. Mo gbé sítóòfù náà jù sí ẹ̀yìnkùlé, n kò sì ra nǹkan wọn mọ́. Bí ó bá ti gbiná mọ́ àwọn ọmọ náà lójú ńkọ́?

Ẹ fi èyí wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní agbègbè Chicago ní ọdún 1982. Ènìyàn méje kú lẹ́yìn tí wọ́n lo Tylenol, oògùn ẹ̀fọ́rí, nítorí pé ọ̀dájú kan ti fi májèlé sínú rẹ̀. Ẹ̀bi ilé-iṣẹ́ Johnson & Johnson kọ́, ṣùgbọ́n wọn kò fi èyí ṣe àwáwí. Wọ́n kìlọ̀ fún gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n má lò ó, wọ́n sì ní kí a kó ìgò bíi mílíọ̀nù 31 kúrò lórí àtẹ. Nígbà tí oògùn náà padà sọ́jà, èdìdì mẹ́ta ni ó wà lára rẹ̀, àwọn ènìyàn sì tún rà á. Lóòótọ́ ni àwọn àgbà wí pé òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lówó ni à ń ra èké. Àwọn náà ni ó sì wí pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹni tí ó bá kọ̀wé má fi ara pamọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan a máa yin ara wọn, wọn a sì fi orúkọ oníbàárà bò ó. Bí alákàrà bá háyà ẹnìkan kí ó máa pariwo níwájú ìsọ̀ rẹ̀ pé, “Mo ti jẹ ẹ́ rí, ó dùn,” kí ni ẹ rò pé yóò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí ọjà bá mọ̀? Àkàrà tí ó dùn ní tòótọ́ pàápàá, kò sí ẹni tí yóò gbà á gbọ́ mọ́.

Ẹ̀karùn-ún, kí ọ̀gá jẹ́ kí òṣìṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí ó kọ ohun tí kò gbọdọ̀ jáde sílẹ̀ ṣáájú, bí àṣírí oníbàárà, kí ẹnikẹ́ni má baà pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ nítorí òfin tí kò mọ̀. Kí wọ́n sì máa kọ ọ́ déédéé. Ojú ìwé kan lóṣooṣù sàn ju ogún lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ilẹ̀ sì pa rọ́rọ́.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, lọ́jọ́ kan, díẹ̀ nínú yín yóò jókòó ní ọ́fíìsì, irú lẹ́tà tí mo kọ nípa sítóòfù yóò sì wà lórí tábìlì yín. Kí ẹ tó fèsì, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta: Ṣé òtítọ́ ni? Ṣé yóò ran ẹni tí ó kọ̀wé lọ́wọ́? Ṣé mo lè sọ ọ́ lójú rẹ̀? Bí ẹ bá lè dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ fi ránṣẹ́. Bí ẹ kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fa á ya, kí ẹ tún un kọ. Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́.