Ọsàn Àti Oògùn Aboyún: Èyí Tó Bára Mu Àti Èyí Tí Kò Bára Mu

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin aboyún, àti ẹ̀yin agbẹ̀bí tó ń tọ́jú wọn ní Ìjerò, Àrámọkọ, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè àti gbogbo abúlé tó yí wọn ká, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí dá lórí èso tí a ń jẹ àti oògùn tí wọ́n ń fún wa ní ilé ìwòsàn.

Èso dára fún aboyún. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ èso. Ní agbègbè wa yìí, a ní ọsàn, ìbẹ́pẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, gúáfà, máńgòrò àti agbálùmọ̀. Igi ọsàn wà lóko kòkó, ó wà ní ẹ̀yìnkùlé. Ṣùgbọ́n nígbà tí èso bá pàdé oògùn nínú ikùn, nígbà mìíràn wọn a ran ara wọn lọ́wọ́. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, èso a mú kí oògùn lágbára ju bó ti yẹ lọ. Ó yẹ kí a mọ ìyàtọ̀.

Èso tó ń ran oògùn lọ́wọ́

Gbogbo aboyún ló mọ oògùn tó ń fún ara ní ẹ̀jẹ̀, èyí tí wọ́n ń fún wa pẹ̀lú folic acid. Èròjà irin ló wà nínú rẹ̀. Irin yìí kì í tètè wọ ara. Fítámì C tó wà nínú ọsàn dídùn àti gúáfà máa ń jẹ́ kí ó wọ ara dáadáa. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ lo oògùn yìí, ẹ fi omi gbé e mì, kí ẹ sì jẹ ọsàn dídùn kan tàbí gúáfà tẹ̀ lé e. Ẹ má fi tíì tàbí mílíìkì gbé e mì, nítorí wọn kì í jẹ́ kí irin náà wọ ara tó. Bí ẹ bá fẹ́ mu tíì, ẹ jẹ́ kí ó tó wákàtí méjì.

Èso tó ń sọ oògùn di àpọ̀jù

Ọsàn kan wà tí a ń pè ní ọsàn gerépù. Ó tóbi ju ọsàn dídùn lọ, èèpo rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, omi rẹ̀ sì korò díẹ̀. Oúnjẹ rere ni fún ẹni tí kò lo oògùn. Ṣùgbọ́n kò bá àwọn oògùn kan mu.

Ní ọdún 1989 ni ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ hàn sí ayé. Onímọ̀ oògùn kan tó ń jẹ́ David Bailey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú London ti orílẹ̀-èdè Kánádà ń wádìí bóyá ọtí máa ń yí iṣẹ́ felodipine padà. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni felodipine. Wọ́n fi omi ọsàn gerépù bo ìtọ́wò ọtí náà mọ́lẹ̀. Ó yà wọ́n lẹ́nu pé oògùn tó wọ inú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ ju bí wọ́n ti retí lọ. Nígbà tí wọ́n wá ìdí rẹ̀, wọ́n rí i pé ọsàn ló fà á, kì í ṣe ọtí.

Báwo ló ṣe ń ṣẹlẹ̀? Ní ara ìfun wa, èròjà kan wà bí oníbodè. Bí oògùn bá ń kọjá, oníbodè yìí a gba díẹ̀ nínú rẹ̀, yóò sì ba èyí tó gbà jẹ́ kí ìyókù tó dé inú ẹ̀jẹ̀. Àwọn tó ń ṣe oògùn mọ èyí, wọ́n sì ti rò ó mọ́ ìwọ̀n tí wọ́n ní kí a lò. Ọsàn gerépù ló ń mú oníbodè náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Gbogbo oògùn a wá rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ó lè tó ọjọ́ kan sí mẹ́ta kí ara tó dá oníbodè mìíràn. Nítorí náà, kò tó láti jẹ ọsàn náà láàárọ̀ kí a wá lo oògùn lálẹ́.

Ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ yìí gbà kan aboyún:

1. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Nifedipine, tí a ń fún àwọn aboyún kan, jẹ́ ìbátan felodipine. Bí ó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ìfúnpá lè lọ sílẹ̀ jù, òòyì a máa kọ́ ìyá, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ nínú ibi sì lè dín kù. Ọsàn gerépù kò da methyldopa láàmú, ṣùgbọ́n oògùn tí irin wà nínú rẹ̀ máa ń dín agbára methyldopa kù. Ẹ jẹ́ kí wákàtí méjì ó kéré tán wà láàrin àwọn méjèèjì.

2. Oògùn ibà. Ọsàn gerépù máa ń mú kí artemether pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Artemether yìí wà nínú oògùn artemether-lumefantrine tí a ń lò fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ yàgò fún ọsàn náà títí ẹ ó fi lò ó tán.

Ẹ má gbàgbé àgbo

Ọ̀pọ̀ ni kò ní jẹ ọsàn gerépù lójú ara wọn, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń mu ún nínú àgbo ibà. Àwọn kan máa ń fi ọsàn náà tàbí èèpo rẹ̀ sínú ìkòkò pẹ̀lú ewé ìbẹ́pẹ àti èèpo igi máńgòrò. Èròjà tó ń lé oníbodè wà nínú èèpo náà gẹ́gẹ́ bó ti wà nínú omi rẹ̀. Ọsàn kíkan ńlá náà ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Aboyún tó ń lo nifedipine láàárọ̀, tó sì ń mu àgbo yìí lálẹ́, kò mọ̀ pé òun ń fi kún oògùn òun.

Ẹ̀yin agbẹ̀bí, iṣẹ́ yín nìyí. Ẹ má bá aboyún jà nítorí àgbo. Bí ẹ bá jà, yóò fi pamọ́. Ẹ fi sùúrù bi í: “Màmá, kí ni ẹ ń jẹ, kí ni ẹ ń mu pẹ̀lú oògùn yìí? Kí ló wà nínú àgbo náà?” Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú káàdì, kí ẹ sì wọn ìfúnpá rẹ̀.

Ẹ̀yin aboyún, ẹ má torí ọ̀rọ̀ yìí pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì. Ọsàn ni kí ẹ fi sílẹ̀, kì í ṣe oògùn. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú lè di gìrì, gìrì sì lè pa ìyá àti ọmọ. Bí orí bá ń fọ́ yín gidigidi, bí ojú bá ń ṣú, bí ojú tàbí ọwọ́ bá wú lójijì, tàbí bí òòyì bá ń kọ́ yín lẹ́yìn tí ẹ lo oògùn, ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Ẹ fi omi lásán gbé oògùn mì. Ẹ jẹ ọsàn dídùn yín. Ẹ bi agbẹ̀bí léèrè nípa èyí tó korò. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ.