Mástà Lórí Ètò Ìjọba: Èwo Ló Yẹ Akẹ́kọ̀ọ́ Sabon Gari?

Ìpinnu ìjọba amúnisìn ló dá Sabon Gari sílẹ̀ ní Kánò ní nǹkan bí 1913 fún àwọn ará gúúsù. Irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ mástà lórí ètò ìjọba ń tú wò.

Ní Yunifásítì Bayero, MPPA, ìyẹn mástà oníṣẹ́ lórí ètò ìjọba àti ìṣàkóso, wà fún òṣìṣẹ́ tó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ètò ìlú kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lé oyè ọ̀mọ̀wé, M.Sc. oníwàádìí ló yẹ kó béèrè; mástà oníṣẹ́ kì í sábà gbé ènìyàn débẹ̀.

Láti rí ohun tí iṣẹ́ ètò ìjọba ń béèrè, ẹ wo ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní 1955: wọ́n ní láti ka ọmọ, kí wọ́n kọ́ olùkọ́, kí wọ́n wá owó. Ẹni tí irú iṣẹ́ yìí bá wù, kó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìṣirò wà nínú kọ́ọ̀sì náà kó tó ra fọ́ọ̀mù.