Oògùn Kòkòrò Nínú Ọkà Tí A Ń Lọ̀ Ní Ìyẹ̀fun

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ fi ilé sílẹ̀ wá dáko ní agbègbè Warri, ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí ni ti àgbàdo tí a kó pamọ́, àti oògùn tí a ń fi sí i kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́.

Òjò ìhín kì í tètè dá. Àgbàdo tí a bá ká ní oṣù kẹjọ kì í yá gbẹ, èyí tí kò bá sì gbẹ ni kòkòrò ń bà jẹ́ jù. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń da ọtapíapíà sínú àpò ọkà. Dichlorvos ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, a kò sì ṣe é láti fi sára oúnjẹ. Ní ọdún 2019, NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀ ní ọjà gbangba.

Ẹ jẹ́ kí a rántí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, àwọn ìjọba Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ wa. Ìwọ̀n dichlorvos tí òfin wọn gbà nínú kílò kan kò ju míligíráàmù 0.01 lọ, èyí tí wọ́n bá nínú ẹ̀wà wa jẹ́ láti 0.03 títí dé 4.6. Ẹ̀wà tí wọ́n kọ̀ lọ́hùn-ún, ta ni yóò jẹ ẹ́ bí kò ṣe àwa àti àwọn ọmọ wa?

Ti ìyẹ̀fun tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀wà ṣeé rẹ, ó ṣeé fọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi kì í gbé gbogbo oògùn lọ. Ìyẹ̀fun kò ṣeé fọ̀. Ara èèpo sì ni oògùn ń pọ̀ sí jù. Àlìkámà tí ọkọ̀ ojú omi ń kó wá, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń yọ èèpo rẹ̀ kúrò kí ó tó di ìyẹ̀fun funfun, oògùn púpọ̀ a sì bá èèpo lọ. Ṣùgbọ́n àgbàdo tí àwa ń gbé lọ sí ilé ẹ̀rọ, tèèpo tèèpo ni a sábà máa ń lọ̀ ọ́.

Kí ni kí a ṣe?

Èkíní, ẹ sá ọkà gbẹ dáadáa, kì í ṣe lórí ilẹ̀ lásán. Ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò gbígbẹ, ẹ fi iyọ̀ gbígbẹ sí i, kí ẹ mì ín. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ọkà náà kò tíì gbẹ.

Èkejì, ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì tàbí dúrọ́ọ̀mù mímọ́ tí a kò fi gbé oògùn rí. Kí ó kún dé ẹnu, kí ẹ sì dé e pinpin. Kòkòrò inú rẹ̀ yóò mí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tán, yóò sì kú. Bẹ́ẹ̀ náà ni àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀kẹta, bí oògùn bá di dandan, èyí tí a ṣe fún ọkà nìkan ni kí ẹ lò, ní ìwọ̀n tí a kọ sára rẹ̀, kí ẹ sì dúró títí ọjọ́ tí a kọ síbẹ̀ yóò fi pé kí ẹ tó jẹ ẹ́ tàbí kí ẹ tó tà á. Oògùn oníhóró bíi Phostoxin, ẹni tí ó kọ́ ọ ni kí ó lò ó, kì í sì í ṣe nínú ilé tí ènìyàn ń sùn. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ lè pa odidi ìdílé.

Ará wa, àlejò ni wá níhìn-ín, orúkọ rere ni a fi ń tajà. Bí ẹnì kan bá ṣàìsàn nítorí ọkà ẹnì kan nínú wa, gbogbo àpò tí a bá gbé wọ ọjà ni wọn yóò máa fura sí. Ẹ jẹ́ kí á tọ́jú rẹ̀.