Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Ọmọ Lórúkọ: Ọkọ̀ Ojú Irin Onídísẹ̀lì àti Bátìrì



Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ. Ìdáhùn mi kò gùn: ẹ̀rọ tí a kò bá lè ṣàlàyé ní èdè wa, a kò lè bi ẹni tí ó fi owó wa rà á ní ìbéèrè. Kókó ọ̀rọ̀ mi lónìí ni ọkọ̀ ojú irin tí ń lo epo dísẹ̀lì àti bátìrì pọ̀, èyí tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní hybrid. Báwo ni ó ṣe ń ṣiṣẹ́? Orúkọ wo ni ó yẹ ẹ́ ní èdè Yorùbá? Ìbéèrè kejì kò ṣe é dáhùn láìkọ́kọ́ dáhùn èkínní.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilé tí a bí ọmọ náà sí. Ní ọjọ́ 31, oṣù Keje, ọdún 2007, ilé-iṣẹ́ JR East ní ilẹ̀ Jàpáánì bẹ̀rẹ̀ sí fi ọkọ̀ tí wọ́n pè ní KiHa E200 kó èrò lójú irin Koumi. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní àgbáyé tí a fi sẹ́nu iṣẹ́ èrò ojoojúmọ́. Láti Kobuchizawa dé Komoro jẹ́ kìlómítà 78.9, àárín òkè ni ọ̀nà náà sì gbà. Láàrin Kiyosato àti Nobeyama, ó fi mítà 1,375 ga ju ojú òkun lọ. Kò sí ojú irin JR mìíràn tí ó ga tó bẹ́ẹ̀. Kò sí wáyà iná lókè rẹ̀. Òpó àti wáyà wọ́n, iye èrò tí ń gba irú ọ̀nà ìgbèríko bẹ́ẹ̀ kò sì pọ̀ tó láti san owó wọn padà. Ìdí nìyí tí irú ọ̀nà wọ̀nyí fi wà lábẹ́ èéfín dísẹ̀lì títí di òní ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀.

Ó yẹ kí a ṣọ́ra níhìn-ín. Ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì tí ń yí jẹnẹrétọ̀, tí iná jẹnẹrétọ̀ náà sì ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀, kì í ṣe ohun tuntun. Ó ti pẹ́ tí àwọn orí ọkọ̀ ojú irin ńláńlá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni bátìrì. Ẹni tí ó ní jẹnẹrétọ̀ nìkan nílé, bí ó bá ti pa á, òkùnkùn dé. Ẹni tí ó so bátìrì àti ínfátà mọ́ ọn lè pa jẹnẹrétọ̀, kí iná ilé rẹ̀ má sì kú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ọkọ̀ yìí. Bí ó bá dúró ní ibùdókọ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ a dákẹ́. Iná bátìrì ni ó fi ń ṣí; ìgbà tí eré rẹ̀ bá yá díẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì tó dìde.

Àǹfààní rẹ̀ tí ó tóbi jù wà nínú bíréèkì. Nínú ọkọ̀ dísẹ̀lì àtijọ́, gbogbo agbára eré tí bíréèkì bá pa a di ooru, a sì bá afẹ́fẹ́ lọ. Nínú ọkọ̀ yìí, ẹ̀rọ oníná tí ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà ni yóò di jẹnẹrétọ̀, tí yóò sì rọ agbára náà sínú bátìrì. Òkè tí ọkọ̀ fi epo gùn, ó ń gba díẹ̀ padà nínú rẹ̀ nígbà tí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀.

JR East sọ pé epo tí ó ń jó fi nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 dín sí ti àtijọ́. Èrè ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Ó ṣì ń jó epo. Èrè bíréèkì kì í pọ̀ níbi tí ilẹ̀ bá tẹ́jú tí ibùdókọ̀ sì jìnnà síra. Bátìrì a sì máa gbó. Níbòmíràn, ìwúlò rẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn yọ. Ní ọjọ́ 30, oṣù Karùn-ún, ọdún 2015, irú ọkọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàrin Sendai àti Ishinomaki, ní agbègbè tí omi òkun ya bò ní ọdún 2011. Ojú irin méjì ni ó ń gbà, iná ti ọ̀kan kò sì bá ti èkejì mu. Ọkọ̀ tí ó gbé iná tirẹ̀ dání kò nílò láti bẹ èyíkéyìí nínú wọn.

Ó wá ku orúkọ. Àwọn kan lè pè é ní àmúlùmálà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn bu ohun tí ó létò kù. Àwọn mìíràn lè pè é ní àdàlù. Nínú àdàlù, ẹ̀wà àti àgbàdo ni a jọ ń jẹ. Nínú ọkọ̀ yìí, agbára ẹ́ńjìnnì kì í kan ẹsẹ̀ ọkọ̀ rárá, iná nìkan ni ó ń yí i. Àwọn baba wa fún wa ní àpẹẹrẹ. Nígbà tí rélùwéè dé Ìbàdàn láti Èkó ní ọdún 1901, ooru omi ni ó ń lò; ọ̀nà tí ó ń tọ̀ ni a fi sọ ọ́ lórúkọ, kì í ṣe èéfín rẹ̀. Ooru omi ti lọ, dísẹ̀lì dé, iná dé, síbẹ̀ ọkọ̀ ojú irin ni í ṣe. Nítorí náà, mo dábàá *afinápamọ́*: ọkọ̀ ojú irin afinápamọ́ onídísẹ̀lì. Èyí tí JR East gbé sójú irin Karasuyama ní ọdún 2014, tí kò ní ẹ́ńjìnnì, tí ó ń gba iná sínú bátìrì níbi tí wáyà wà, afinápamọ́ aláìlẹ́ńjìnnì ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé. Ọkọ̀ dísẹ̀lì ni ó ń ná ojú irin tuntun ti Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà 157, tí a ṣí ní ọdún 2021. Iná ni ti ojú irin aláwọ̀ búlúù Èkó tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2023. Bí wọ́n bá tún ń ra òmíràn lọ́la, kí ará Abẹ́òkúta tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè dìde bèèrè pé: ibùdókọ̀ mélòó ni yóò ti máa dúró? Agbára tí bíréèkì bá pa, níbo ni ó ń lọ? Bí bátìrì bá gbó, ta ni yóò pààrọ̀ rẹ̀? Kò sí ọ̀kan nínú ìbéèrè mẹ́ta yìí tí èdè wa kò lè bèèrè. Iṣẹ́ àwa tí a ń kọ́ni ní èdè ni láti rí i pé a bèèrè wọn kí owó tó jáde lápò.