Ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ lára wa

Bismillāhi Rahmāni Rahīm. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó dá wa, tí ó tún dá oúnjẹ òòjọ́ wa. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá aṣíwájú wa, Ànábì Muhammad, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ kú ìrọ́jú ààwẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú mọ́tò tí ẹ ń sáré kí ẹ lè bá ìṣínu nílé, ẹ kú ìrìn. Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí àdògán, ẹ kú iṣẹ́. Ọlọ́hun yóò gbà á lọ́wọ́ gbogbo wa ní ìjọsìn.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lónìí, ẹlòmíràn lè sọ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ wáàsí. Ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oṣù, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀gá tí ó le. Ọ̀rọ̀ ẹnìkejì wa ni, ẹni tí a jọ ń dúró nídìí ẹ̀rọ, tí a jọ ń jókòó nínú ọ́fíìsì, tí a jọ ń tú ẹ́ńjìnnì. Ṣé a mọ̀ ọ́n? Ṣé a máa ń bá a ṣàwàdà? Ṣé a ti jẹun pọ̀ rí?

Ohun tí ó mú wa ronú sí i rèé. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n pè wá sí òkú ọkùnrin kan ní Muṣin níbí. Kò tíì pé ẹni àádọ́ta ọdún. Ó ti fi ọdún mọ́kànlá ṣiṣẹ́ ní kọ́ńpìnnì kan. Nígbà tí a kírun sí i lára tán, a bèèrè pé àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ìyàwó rẹ̀ ní òun kò mọ ẹnì kankan níbẹ̀. Wọ́n rán ọmọ kan lọ sọ fún wọn. Ọmọ náà padà dé, ó ní ẹni tí ó ń dúró nídìí ẹ̀rọ tí ó tẹ̀lé ti olóògbé sọ pé, "Háà! Àṣé ó ń ṣàìsàn ni? A rò pé ó ti ríṣẹ́ síbòmíràn ni."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọkùnrin yìí fi dùbúlẹ̀ nílé. Láti ilé rẹ̀ dé ibi iṣẹ́, ẹsẹ̀ ni ó fi ń rìn ín. Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí dùn wá púpọ̀. Wọn kò kórìíra rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó bá a jà. Wọn kò mọ̀ ọ́n ni, òun náà kò sì mọ̀ wọ́n.

Ọlọ́hun Ọba ti bá wa sọ̀rọ̀ lórí èyí nínú Súrà kẹrin, Sūratun-Nisā', áyà 36. Lẹ́yìn tí Ó pa wá láṣẹ pé kí a máa sin Òun nìkan, Ó ka àwọn tí a gbọ́dọ̀ máa ṣe dáadáa sí: òbí, ẹbí, ọmọ òrukàn, aláìní, aládùúgbò tí ó sún mọ́ wa àti èyí tí ó jìnnà. Lẹ́yìn náà ni Ó wá dárúkọ ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Àwọn onímọ̀ ṣàlàyé ta ni ẹni náà. Àwọn kan ní aya ẹni ni. Àwọn kan ní ẹni tí a jọ ń rin ìrìn-àjò ni. Zamakhshari, onímọ̀ ńlá tí ó kú ní ọdún 1144, ka ẹni tí a jọ ń kọ́ ìmọ̀ tàbí tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ mọ́ ọn, àní títí kan ẹni tí a bá jókòó tì ní àwùjọ. Ẹ rò ó wò. Wákàtí mẹ́jọ, mẹ́sàn-án ni a ń lò lójúmọ́ pẹ̀lú ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Ìyàwó ilé gan-an kì í rí ọkọ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú rẹ̀ bá là. Bí ẹni yìí kò bá ní ẹ̀tọ́ lára wa, ta ni yóò ní in?

Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ kan tí Ànábì, kí ọlà Ọlọ́hun máa bá a, fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ní ọdún karùn-ún Híjírà, ìyẹn ọdún 627, àwọn ọ̀tá ń bọ̀ wá ká ìlú Mẹ̀dínà mọ́. Salman ará Páṣíà ló mú àbá wá pé kí wọ́n gbẹ́ yàrà sí ibi tí ìlú ṣí sílẹ̀ sí. Òtútù ń mú wọn, ebi sì ń pa wọ́n. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kò jókòó sílé kí ó máa rán ènìyàn níṣẹ́. Ó ń kó erùpẹ̀ pẹ̀lú wọn títí erùpẹ̀ fi bo ikùn rẹ̀. Wọ́n ń kọrin bí wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀, òun náà sì ń bá wọn gbe orin. Jabir rí i pé ebi ń pa Ànábì, ó pa ẹran kékeré kan, ìyàwó rẹ̀ lọ ọkà bálì díẹ̀. Ènìyàn díẹ̀ ni Jabir ní lọ́kàn láti pè. Àmọ́ Ànábì pe gbogbo àwọn tí ó wà nídìí iṣẹ́, Ọlọ́hun sì fi àlùbáríkà sí oúnjẹ náà, gbogbo wọn jẹ, ó tún ṣẹ́kù.

Orin wà nídìí iṣẹ́ yẹn, oúnjẹ wà níbẹ̀, ọ̀gá sì wà láàárín àwọn tí ó ń ṣiṣẹ́. Ǹjẹ́ ó dá iṣẹ́ dúró? Rárá o. Wọ́n gbẹ́ yàrà náà tán kí ọ̀tá tó dé.

Àwọn baba wa náà mọ ọ̀rọ̀ yìí. Bí wọ́n bá dá àáró, wọ́n á ro oko lágbájá lónìí, wọ́n á ro ti tàmẹ̀dò lọ́la. Ẹni tí ó bá bẹ ọ̀wẹ̀, ó gbọ́dọ̀ se oúnjẹ. Wọ́n ń pa àlọ́, wọ́n ń dápàárá, ebè sì ń kún ilẹ̀. Wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ẹ padà wá sí Muṣin tiwa. Ẹ lọ sí Ládípọ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò. Ẹ lọ sí Mátórì àti Ìlúpéjú níbi tí iléeṣẹ́ pọ̀ sí. Ẹ dé ọsibítù LUTH ní Ìdí-Àràbà. Yorùbá, Ìgbò, Haúsá, mùsùlùmí àti kìrìsìtẹ́nì jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Nínú Sūratul-Hujurāt, áyà 13, Ọlọ́hun jẹ́ kí a mọ̀ pé torí kí a lè mọ ara wa ni Òun ṣe dá wa ní ẹ̀yà-ẹ̀yà. Mímọ̀ yẹn kò lè mọ sórí orúkọ tí a rí nínú ìwé sísáìnì.

Ìgbà sì tún le. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti kéde pé ìrànwọ́ orí epo ti lọ, gbogbo wa mọ ohun tí owó mọ́tò dà. Àwọn tí ó mọ ara wọn níbi iṣẹ́ ń para pọ̀ wọ mọ́tò, wọ́n ń para pọ̀ ra àpò ìrẹsì, wọ́n ń pín in. Ẹni tí kò mọ ẹnì kankan, òun nìkan ló ń dá ẹrù tirẹ̀ rù.

Àwọn ọ̀gá kan yóò sọ pé, "Àáfà, iṣẹ́ ni mo gbà wọ́n sí, n kò gbà wọ́n sí àwàdà." A kò ní bá wọn jà, nítorí àwa náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ní ilé-kéwú wa, bí a bá rí àwọn ústáàsì tí wọ́n kóra jọ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, a ó húkọ́, wọ́n á sì tú ká. A rò pé iṣẹ́ ni a ń ṣọ́. Nígbà tí a ti ibi òkú ọkùnrin yẹn dé, a pe àwọn ústáàsì márààrún lọ́kọ̀ọ̀kan, a bi wọ́n pé, "Níbo ni àwọn ẹnìkejì rẹ ń gbé?" Mẹ́ta nínú wọn kò mọ ilé ẹnì kankan. Ọdún kẹfà rèé tí wọ́n ti jọ ń kọ́ ọmọ lábẹ́ òrùlé kan. Ìkọ́ wa ló fà á. Láti ọjọ́ náà ni a ti ní kí wọ́n máa jẹ oúnjẹ ọ̀sán pọ̀, àwa náà sì ń bá wọn jókòó. Nísinsìnyí, bí ẹnì kan kò bá lè wá, ẹlòmíràn ti mọ̀, ó sì ti mọ ibi tí àwọn ọmọ rẹ̀ kàwé dé. Iṣẹ́ kò dínkù, ó gbé pẹ́ẹ́lí sí i ni.

Àmọ́ o, ìbáṣepọ̀ ní ààlà. Nínú Sūratul-Hujurāt kan náà, áyà 11 àti 12, Ọlọ́hun kọ̀ fún wa kí a máa fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́, kí a máa pe ara wa ní orúkọ burúkú, kí a máa ro èrò búburú, kí a sì máa sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn. Bí ìjókòó bá ti di ibi tí a ti ń jẹ ẹran ara ẹni tí kò sí níbẹ̀, ẹ dìde. Ẹ̀wẹ̀, àkókò iṣẹ́ àmánà ni. Ẹni tí ó gba owó wákàtí mẹ́jọ, kí ó má fi mẹ́ta nínú rẹ̀ tàkúrọ̀sọ. Ọkùnrin àti obìnrin kí wọ́n pa ìtìjú mọ́. Ìgbà ìsinmi ọ̀sán tó fún ìtàkúrọ̀sọ.

Kí ni kí a wá ṣe? Èkíní, kí a máa kí ara wa láàárọ̀, kí a sì dúró gbọ́ èsì. Ẹ̀rín músẹ́ sí ọmọnìkejì, sàárà ni. Èkejì, kí á mọ ilé ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́, kí á mọ orúkọ ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ní oṣù yìí, kí á jọ ṣínu lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán níbi iṣẹ́, ì báà ṣe ẹ̀kọ àti àkàrà. Ẹni tí ó bá fún aláàwẹ̀ ní ìṣínu, yóò gba irú láádá tí aláàwẹ̀ gbà. Ẹ pe kìrìsìtẹ́nì tí a jọ wà níbẹ̀, ẹ pe mẹ́ṣẹ́ńjà, ẹ má yọ ọlọ́dẹ sílẹ̀. Ẹ̀kẹrin, bí ẹnì kan bá pa iṣẹ́ jẹ ní ọjọ́ méjì, kí ẹnì kan lọ wò ó. Ẹ̀karùn-ún, bí ẹ bá ń dá àjọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹlẹ́rìí sì wà, gẹ́gẹ́ bí Sūratul-Baqarah, áyà 282, ti kọ́ wa nípa gbèsè. Owó tí a kò kọ sílẹ̀ ti ba ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ jẹ́.

Lọ́la, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ wo ẹgbẹ́ yín. Ẹni tí ẹ kò tíì bá sọ̀rọ̀ kọjá "ẹ kú àárọ̀" rí, ẹ bèèrè àlàáfíà ilé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a kò bá ọkùnrin yẹn sọ fún ọdún mọ́kànlá nìyẹn.

Kí Ọlọ́hun forí jì í, kí Ó fẹ sàréè rẹ̀ fún un, kí Ó tọ́jú àwọn ọmọ tí ó fi sílẹ̀. Kí Ọlọ́hun fi ìfẹ́ sí àárín àwa àti àwọn tí a jọ ń wá oúnjẹ òòjọ́. Kí Ó má jẹ́ kí a dùbúlẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní bèèrè wa. Kí Ó gba ààwẹ̀ wa, kí Ó sì jẹ́ kí ẹ̀mí wa ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Āmīn.

As-salāmu alaykum wa rahmatullāhi wa barakātuh.