Àwo Kan, Ọwọ́ Púpọ̀

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni a gbé ka iwájú lónìí. Kì í ṣe oúnjẹ inú ilé, bí kò ṣe èyí tí à ń jáde lọ jẹ, pàápàá jù lọ ní irú ilé oúnjẹ ìgbàlódé kan tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń da ọgbọ́n ìdáná àwọn ará Ṣáínà, Japan, Thailand àti Kòríà pọ̀ mọ́ ti àwọn ẹlòmíràn, tí wọ́n sì ń gbé e wá nínú àwo kéékèèké sí àárín tábìlì, kí gbogbo ẹni tí ó jókòó lè jọ máa mú níbẹ̀.

Bí a bá dárúkọ irú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ní Ìlọrin, ohùn méjì ni a máa ń gbọ́. Àwọn àgbàlagbà kan a ní àṣà àjèjì pátápátá ni. Àwọn ọ̀dọ́ kan a ní ọ̀làjú ni, pé àwọn baba wa kò mọ̀ ọ́n. Lójú tèmi, apá méjèèjì ni ó ṣì í mú. Àjọjẹ kì í ṣe àjèjì ní ìlú yìí, bẹ́ẹ̀ ni àdàpọ̀ oúnjẹ kì í ṣe ohun tí ó dé lánàá. Ohun tí ó jẹ́ tuntun níbẹ̀ wà ní ibòmíràn, mo sì ń bọ̀ wá dé ibẹ̀.

Ta ni ó ti lọ síbi ìsọmọlórúkọ, ìsoyìgì, tàbí ayẹyẹ ọmọ ilé-kéú tí ó ka Àlùkùránì parí, tí kò rí abọ́ ńlá kan tí ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún pagbo yí ká? Ní oṣù ààwẹ̀, nígbà tí oòrùn bá ti wọ̀ tí a sì ti fi dàbínù ṣínu, ṣé a kò rí i bí àwọn ọkùnrin ti ń jọ bọwọ́ sí abọ́ kan náà? Àjọjẹ yìí sì ní òfin. A ó wẹ ọwọ́, a ó pe orúkọ Ọlọ́run, ọwọ́ ọ̀tún ni a ó fi jẹ, iwájú ẹni ni a ó sì ti mú. Ẹni tí ó bá na ọwọ́ kọjá sí òdìkejì abọ́, ojú ni a ó fi bá a wí. Ẹran kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń kọ́kọ́ dáwọ́ lé. Ó ń dúró de ìgbà tí àgbà yóò pín in. Nígbà tí àwọn baba wa wí pé ọmọdé tí ó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ yóò bá àgbà jẹun, ilé-ẹ̀kọ́ gan-an ni wọ́n ń ṣàpèjúwe, abọ́ sì ni pátákó ìkọ̀wé rẹ̀.

Àwọn ará Ṣáínà náà kì í pín oúnjẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Àárín ni wọ́n ń gbé àwo sí, olùgbàlejò a sì máa mú èyí tí ó dára jù sínú abọ́ àlejò. Àwọn ará Ẹtiópíà ń tẹ́ ìnjẹ́rà bí ẹní, wọ́n ń da ọbẹ̀ lé e, gbogbo ilé a sì máa ya á jẹ láti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ sí àárín.

Ní ti àdàpọ̀, Ìlọrin ni kí ẹ bi. Ìlú tí ó ní Balógun Fúlàní, Balógun Gàm̀bàrí, Balógun Àjíkobì àti Balógun Alánamú, báwo ni ìkòkò rẹ̀ yóò ṣe jẹ́ ti ẹ̀yà kan ṣoṣo? Ẹ wo wàrà. Àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé mílíìkì màlúù kaná díẹ̀díẹ̀, wọn a fún omi ewé bọ̀mubọ̀mu sí i títí yóò fi dì, wọn a sì kó o sínú agbọ̀n kékeré kí omi rẹ̀ lè ro. Obìnrin Yorùbá a rà á, a gé e, a fi iyọ̀ pa á lára, a dín in nínú òróró, a sì kó o sínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Fúlàní ni ó ni wàrà, Yorùbá ni ó ni ọbẹ̀, inú abọ́ kan náà ni wọ́n ti pàdé.

Ọ̀rọ̀ wàrà kò sì tán síbẹ̀. Nígbà tí ẹ̀wà sóyà di ohun tí à ń gbìn káàkiri, tí àwọn olùwádìí ní IITA ní Ìbàdàn, ilé-iṣẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, sì ń kọ́ àwọn obìnrin ní àwọn ọdún 1980 bí a ṣe lè máa lò ó nínú ilé ìdáná, ọgbọ́n wàrà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn gbé lé e. Wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n sè é, wọ́n fi omi ògì kíkan mú un dì. Èyí ni wàrà sóyà tí wọ́n ń dín tà lẹ́bàá ọ̀nà. Ohun kan náà ni àwọn ará Ṣáínà ti ń ṣe láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, tí àwọn ará Japan ń pè ní tofu. Kìkì pé iyọ̀ inú òkun tàbí ti inú òkúta ni wọ́n fi ń mú tiwọn dì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń san owó gọbọi lórí tofu lè ti kọjá lára rẹ̀ ní ibùdókọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà.

Bí a bá wo inú oko, ọ̀rọ̀ náà tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ewùrà tí àwọn Ìjẹ̀bú fi ń se ìkọ́kọ́rẹ́, apá gúúsù ìlà-oòrùn Asia ni ó ti wá, ibẹ̀ náà ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti wá. Ata tí ó ń jó ahọ́n nínú ọbẹ̀ àwọn ará Thailand kì í ṣe tiwọn, kì í ṣe tiwa. Láti Amẹ́ríkà ni ó ti tàn ká ayé lẹ́yìn ọdún 1492. Ní ọdún 1988 ni Indomie wọ Nàìjíríà láti Indonesia, mai-ṣáyì sì ń da ẹyin àti ata rodo mọ́ ọn lálaalẹ́, kò sí ẹni tí ó pe òun ní ọ̀làjú.

Kí ni ó wá jẹ́ tuntun? Owó ni. Ní bùkátérià, olúkúlùkù ń rà mọ bí àpò rẹ̀ ti mọ. Ẹnì kan a ní kí wọ́n bu àmàlà kan pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú, kí wọ́n fi pọ̀nmọ́ kan sí i; ẹni tí ó jókòó tì í a ra mẹ́rin pẹ̀lú ẹran mẹ́ta. Ẹnikẹ́ni kì í bi wọ́n léèrè. Bùkátérià ń bo àṣírí aláìní. Ní ibi ìsọmọlórúkọ, ẹni tí ó pè wá ni ó ń náwó. Ṣùgbọ́n ní ilé oúnjẹ alájọjẹ yìí, àpapọ̀ owó ni wọn yóò gbé wá, àwọn ọ̀dọ́ a sì pín in dọ́gbadọ́gba. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jẹ ìwọ̀nba ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ yóò san iye kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó pàṣẹ edé ńlá lẹ́ẹ̀mejì. Ojú ń tì í láti sọ̀rọ̀, ó sì fi owó ọkọ̀ ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀ lórí tábìlì. Nítorí irú èyí ni a ṣe ń wí pé àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní. Kí ẹ tó jókòó ni kí ẹ ti sọ ọ́: ta ni yóò san, báwo ni a ó ṣe san án? Kò sí àbùkù nínú rẹ̀, àwọn tí ó lówó nínú ẹgbẹ́ ni ó sì yẹ kí ó kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Ìbéèrè mìíràn tún wà tí ó yẹ kí a bi ẹni tí ó ń gbé oúnjẹ wá. Mùsùlùmí pọ̀ nínú ìlú wa, ẹlẹ́dẹ̀ sì wọ́pọ̀ nínú oúnjẹ Ṣáínà; àwọn ará Japan a máa fi ọtí tí wọ́n ń pè ní sake àti mirin se ọbẹ̀. Àwọn kan wà tí ara wọn kọ ẹ̀pà tàbí edé, tí ọ̀fun wọn lè wú títí èémí yóò fi há, ṣíbí tí ó ti inú àwo kan bọ́ sínú èkejì sì tó láti dá a sílẹ̀. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Kí a bèèrè nígbà tí iná kò tíì mú ìkòkò.

Ó ku ègé tí ó kẹ́yìn nínú àwo. Ní ilé wa, àgbà ni ó ń pinnu ẹni tí yóò jẹ ẹ́, òun fúnra rẹ̀ sì ń ṣọ́ra, nítorí àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ṣùgbọ́n níbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ bá jókòó tí kò sí àgbà láàárín wọn, èmi ti ṣàkíyèsí i lọ́pọ̀ ìgbà: olúkúlùkù a máa wo ègé náà, a máa ní kí ẹnìkejì mú un, títí tí òṣìṣẹ́ ilé oúnjẹ yóò fi dé tí yóò sì gbé àwo náà lọ.